Ta Ló Fi Mágùn Sí I Lára? Obìnrin Aṣekúpani nínú Fíìmù Dúdú Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti nínú Thunderbolt: Mágùn ti Túndé Kèlání

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ obìnrin aṣekúpani wò, ìyẹn obìnrin arẹwà tí ìtàn máa ń sọ pé ó fa ọkùnrin sínú ẹ̀ṣẹ̀ àti ikú. Fíìmù dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti àárín 1941 sí 1958 àti Thunderbolt: Mágùn (2001) tí Túndé Kèlání darí ni a fi wé ara wọn. Ohun tí iṣẹ́ náà fi múlẹ̀ ni pé kí lámèyítọ́ tó dá obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó fi ikú sí i lára àti ẹnu ẹni tó ń ròyìn rẹ̀. Èrò Yorùbá nípa mágùn ni ó lò gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ ìtúpalẹ̀. Ó fi hàn pé fíìmù Kèlání tú àwòrán obìnrin aṣekúpani palẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò tú u tán. Ó sì dá àbá lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ṣe lè kọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí wúlò níwájú ọba àti ìjòyè, ó sì wúlò nínú lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan obìnrin tí ọkùnrin tìtorí rẹ̀ kú, òǹkàwé àti òǹwòran sábà máa ń gbàgbé òwe náà. Kí obìnrin tó yanu, wọ́n ti dá ẹjọ́ tán. Òwe mìíràn ni ó máa ń wá sí wọn lẹ́nu, èyí tó ní obìnrin lèké, obìnrin lọ̀dàlẹ̀. Bí a bá gbé òwe méjèèjì síwájú ara wọn, a ó rí i pé wọn kò lè jọ gbé ilé kan. Òwe àkọ́kọ́ ní kí adájọ́ dúró gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Èkejì ní kò sídìí láti dúró.

Ìjà òwe méjì yìí ni ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún. Ọ̀nà tí ó gbà wò ó ni fíìmù, nítorí pé inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń pàdé ìtàn lóde òní ju inú ìwé lọ. Ẹ̀yà fíìmù kan wà tí ayé mọ̀ mọ obìnrin aṣekúpani ju ẹ̀yà mìíràn lọ. Fíìmù dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Fíìmù kan sì wà láàárín àwọn tiwa tí ó mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, tí ó fi èrò Yorùbá gidi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Thunderbolt: Mágùn ni. Adébáyọ̀ Fálétí ni ó ni ìtàn tí fíìmù náà ti jáde, Fẹ́mi Káyọ̀dé sì ni ó sọ ọ́ di eré. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ ọgbọ́n tí ó gbé e ró kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ yìí fẹ́ fi òṣùwọ̀n òkèèrè wọn iṣẹ́ ilé. Ohun tí ó fẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ìyẹn: ó fẹ́ fi mágùn, tí í ṣe èrò ilé, yẹ fíìmù òkèèrè wò, kí ó tó padà wá fi ojú kan náà yẹ ti ilé wò.

2. Fíìmù Dúdú: Orúkọ àti Orísun Rẹ̀

Àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù wọ̀nyí ní Hollywood kò mọ̀ wọ́n sí fíìmù dúdú nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n. Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ náà ti wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, fíìmù Amẹ́ríkà tí ogun ti dí lọ́nà ya wọ Paris lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1946, lámèyítọ́ kan tí ń jẹ́ Nino Frank ṣàkíyèsí pé àwọn kan nínú wọn ṣókùnkùn ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì pè wọ́n ní fíìmù dúdú. Ní 1955, Raymond Borde àti Étienne Chaumeton kọ odindi ìwé lé wọn lórí. Dúdú tí à ń wí yìí kì í ṣe ti àwọ̀ ara ènìyàn. Dúdú òkùnkùn ni, òkùnkùn òde àti ti inú.

Àbùdá fíìmù wọ̀nyí kò ṣòroó dá mọ̀. Òru ni ọ̀pọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ ń wáyé. Òjò ń rọ̀ sí títì ìlú ńlá, iná ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, òjìji fèrèsé sì ń fa ìlà gbọọrọ sí ojú ènìyàn bí ẹni pé ó ti wà lẹ́wọ̀n. Àwọn olùdarí bíi Fritz Lang, Robert Siodmak àti Billy Wilder ti ṣiṣẹ́ ní Jámánì kí ìjọba Hitler tó lé wọn jáde, wọ́n sì gbé ọgbọ́n òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀daràn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, owó ẹ̀jẹ̀ àti àgálámàṣà ni àhunpọ̀ ìtàn wọn. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá, nítorí láti 1969 tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Lápàdé jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ní ilé nínú èdè wa.

Ohun tí ó ya fíìmù dúdú sọ́tọ̀ ni obìnrin tó wà láàárín rẹ̀. Ó lẹ́wà, ó gbọ́n, kò fẹ́ jókòó sílé dáná, ohun tó bá sì wù ú ni ó ń lépa. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn máa ń rí ìparun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti so ìrísí rẹ̀ mọ́ ogun. Láti 1941 tí Amẹ́ríkà ti wọ ìjà, ọkùnrin lọ sójú ogun, obìnrin gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń gba owó ara wọn. Nígbà tí ọkùnrin darí dé, wọ́n bá obìnrin tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ni fíìmù dúdú wọ̀ láṣọ obìnrin.

Òfin pẹ̀lú tún dá sí i. Láti 1934 ni ìlànà ìwà nínú fíìmù ti ń múlẹ̀ ní Hollywood, tí ó sì ní dandan ni kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jìyà kí fíìmù tó parí. Nítorí náà, kò sí bí obìnrin aṣekúpani ṣe lè lọ láìjìyà. Wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

3. Ẹnu Ta Ni Ìtàn Ti Jáde?

Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí ni Double Indemnity tí Billy Wilder darí ní 1944. Òun àti Raymond Chandler ni wọ́n kọ eré náà láti inú ìtàn James M. Cain. Walter Neff jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní Los Angeles. Ó pàdé Phyllis Dietrichson, ìyàwó ilé olówó kan, tí ó fẹ́ ra adójútòfò lórí ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ kí ọkọ mọ̀. Àwọn méjèèjì lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n pa ọkọ náà, wọ́n sì tẹ́ òkú rẹ̀ sí ojú irin kí ó lè dà bí ẹni tó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé ìlọ́po méjì owó ni wọn yóò san lórí irú ikú bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yìnbọn lu ara wọn.

Bí a bá bi òǹwòran pé ta ni aṣekúpani nínú ìtàn yìí, orúkọ Phyllis ni yóò dá. Ṣùgbọ́n báwo ni òǹwòran ṣe mọ Phyllis? Neff ni ó ń sọ ìtàn náà. Òru ni ó wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn lára, ó jókòó ti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, ó sì ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ sí i. Phyllis ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Òkú kì í rojọ́. Ìgbà tí òǹwòran kọ́kọ́ rí i lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ojú Neff ni ó fi rí i, ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé sì jẹ́ ohun tí ojú Neff ń wá. Laura Mulvey ṣàlàyé ní 1975 pé ojú kámẹ́rà nínú fíìmù Hollywood jẹ́ ojú ọkùnrin. Nínú Double Indemnity, ètè ọkùnrin tún kún un.

Síbẹ̀, àṣírí kan bọ́ lẹ́nu Neff fúnra rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń ronú bí ènìyàn ṣe lè rẹ́ ilé-iṣẹ́ òun jẹ, nítorí pé òun mọ gbogbo kọ́lọ́fín ibẹ̀. Ète ti wà nílẹ̀ kí Phyllis tó dé. Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un, àmọ́ nínú ìtàn yìí, Neff ni ó ti gbé àkàsọ̀ ti àjà sílẹ̀ kí ó tó rí ẹni tí yóò gbà á fún un. Fíìmù náà sọ èyí fún òǹwòran ní gbangba, òǹwòran kò sì fetí sí i, nítorí pé ẹ̀gbà ẹsẹ̀ ni ó ń wò.

Kì í ṣe Neff nìkan ni ó ń ṣe báyìí. Nínú Out of the Past (1947) tí Jacques Tourneur darí, Jeff ni ó ń ro ìtàn Kathie fún obìnrin mìíràn nínú mọ́tò lóru, obìnrin tí ó fẹ́ kí ó gbà pé òun ti yí padà. Ta ni kò mọ bí ọkùnrin ti máa ń ròyìn àtijọ́ fún àfẹ́sọ́nà tuntun? Nínú Gilda (1946) tí Charles Vidor darí, Johnny ni asọ̀tàn. Ó fi ojú alágbèrè wo Gilda, ó sì fi ìyà jẹ ẹ́ lórí ẹ̀sùn náà. Ìgbà tí fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni ọlọ́pàá kan là á yé e pé Gilda kò ṣe èyíkéyìí nínú ohun tí ó fi ń kàn án. Rita Hayworth tó ṣe Gilda di àwòrán obìnrin aṣekúpani fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dá-ìtàn náà kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí fi bí àwòrán ṣe lágbára ju ẹ̀rí lọ hàn.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Phyllis kò mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Inú fíìmù náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ó ti pa ìyàwó àkọ́kọ́ nígbà tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Kathie náà yìnbọn, ó sì pani. Bíbéèrè ẹnu tí ìtàn ti jáde kò wẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dá ẹ̀bi padà sí ọwọ́ gbogbo ẹni tó ni ín, kí ó má bàa jẹ́ orí ẹnì kan ṣoṣo ni a di gbogbo ẹrù lé. Janey Place, nínú ìwé tí E. Ann Kaplan ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1978, tilẹ̀ sọ pé agbára àwọn obìnrin yìí ni òǹwòran máa ń rántí, kì í ṣe ìyà tí wọ́n jẹ. Òótọ́ ni. Fíìmù dúdú fún obìnrin ní ọgbọ́n, ìfẹ́-inú àti ọ̀rọ̀ ẹnu tó mú bí abẹ. Ohun tí kò fún un ni àyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀.

4. Obìnrin Aṣekúpani nínú Ìtàn Yorùbá

Irú obìnrin yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ìtàn ọdẹ àti obìnrin ẹfọ̀n wà káàkiri ilẹ̀ wa, àwọn kan sì so ó mọ́ Ọya. Ọdẹ lúgọ, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà gbé, ó fi pamọ́ sílé, ó sì fi àṣírí yìí sọ obìnrin náà di ìyàwó. Nígbà tó yá, ọtí tú àṣírí lẹ́nu ọdẹ, orogún sì fi bú obìnrin náà. Obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ìbínú rẹ̀ sì di ikú nínú ilé náà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn apàlọ́ máa ń fà yọ ni pé kí ọkùnrin má finú han obìnrin. Ṣùgbọ́n olè ni ìgbéyàwó náà fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jí awọ gbé ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀, àlọ́ náà kò sì fi èyí pamọ́. Etí wa ni kò gbọ́ ọ.

Ìtàn Mọremí ti Ilé-Ifẹ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere sí i. Àwọn Ugbò ń fi ewé àti ìkó bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, ẹwà rẹ̀ fa ọba wọn mọ́ra, ó di ìyàwó rẹ̀, ó mọ àṣírí ìmúra wọn, ó sá padà sílé, ó sì sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé iná ni wọn yóò fi ṣẹ́gun wọn. Bí a bá yọ orúkọ kúrò, kí ni obìnrin yìí ṣe tí àwọn obìnrin fíìmù dúdú kò ṣe? Ó fi ẹwà gba àṣírí lọ́wọ́ ọkùnrin, ó sì fi àṣírí náà pa ilé ọkùnrin náà run. Síbẹ̀, akọni ni à ń pè é. Ifẹ̀ ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Ẹ̀dì, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ró ní 2016. Ìdí rẹ̀ ni pé Ifẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọba Ugbò ni ó jókòó ti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ bíi ti Neff, orúkọ mìíràn ni Mọremí ìbá máa jẹ́.

Bí ti Ifẹ̀ ṣe rí nìyí. Ti Ìbàdàn yí padà sí òdìkejì. Kì í ṣe ẹwà ni Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, fi ń ṣe tirẹ̀. Owó àti agbára ni. Ṣùgbọ́n nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó jáde ní 1970, òun ni a mọ̀ sí obìnrin tí ń pani: ó ní kí ẹrú rẹ̀ má bímọ, ó sì pa èyí tó lóyún. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án ní 1874 kí ó tó yọ ọ́ lóyè ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun darí dé. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú eré orí ìtàgé, fúnra rẹ̀ ni ó gbé májèlé jẹ. Nínú ìtàn Johnson, ẹrú ni wọ́n rán láti pa á lóru. Ìṣọ̀lá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe eré rẹ̀ bí ó ti wù ú. Olùkọ́ ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé eré náà ni gbogbo ẹjọ́ Efúnṣetán.

5. Mágùn gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́ Lámèyítọ́

Gbogbo àpẹẹrẹ òkè yìí ń béèrè ọ̀rọ̀ kan tí yóò so wọ́n pọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ náà. Mágùn ni oògùn tí wọ́n ń fi sí obìnrin lára láìjẹ́ kí ó mọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkùnrin tó bá bá a lò pọ̀ yóò kú. Wọ́n ní ẹlòmíràn a takìtì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn a kọ bí àkùkọ. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ òfin: má gùn. Ọkùnrin ni a ń bá wí, ara obìnrin ni a kọ ọ́ sí. Ẹni tó fi í sì sábà máa ń jẹ́ ọkọ.

Ẹ wo ohun tí èrò yìí ṣe. Ó gbà pé obìnrin lè di ikú fún ọkùnrin. Títí dé ibẹ̀, òun àti fíìmù dúdú jọ ń rìn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kú nípa mágùn, kò sí Yorùbá tí yóò kàn sọ pé obìnrin náà ni ó pa á kí ó sì dákẹ́. Ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé, ta ló fi í sí i lára? Ìbéèrè yìí gan-an ni fíìmù dúdú kò fẹ́ kí a béèrè. Ta ló fi í sí Phyllis lára? Ète tí Neff ti ní sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù àwọn tó ti ogun bọ̀ wà níbẹ̀. Òfin tó ti dá ẹjọ́ ṣáájú wà níbẹ̀. Nítorí náà, mágùn ṣàlàyé fíìmù dúdú ju bí fíìmù dúdú ṣe lè ṣàlàyé mágùn lọ.

Thunderbolt: Mágùn fi ìbéèrè yìí ṣe eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ngozi jẹ́ ọmọ Ìgbò, Yínká jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ẹnu iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Iṣẹ́ mú kí wọ́n máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òfófó sì wọlé. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa ẹ̀yà ìyàwó rẹ̀ àti nípa obìnrin tí ń dá gbé bẹ̀rẹ̀ sí í ra Yínká nínú. Kò rí ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ó gbà á gbọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni mágùn. Àwọn lámèyítọ́ ti fi ìtàn náà wé Othello ti Shakespeare, ìfiwéra náà sì tọ̀nà dé ìwọ̀n kan, nítorí pé àjèjì àti owú ni ó wà ní ìdí méjèèjì. Àmọ́ Othello fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàwó rẹ̀. Yínká fi ikú sínú ìyàwó rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ kí ó máa rìn kiri.

Ọgbọ́n tí Kèlání lò jù ni ti ojú tí a fi ń wo ìtàn. Kò sí ohùn ọkùnrin kankan tó ń ròyìn Ngozi fún wa. Ọ̀dọ̀ Ngozi ni kámẹ́rà wà. Òǹwòran mọ̀ pé kò ṣe ohun tí wọ́n fi kàn án kí Yínká tó gbàgbọ́ pé ó ṣe é. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mágùn jáde, òǹwòran kò bẹ̀rù Ngozi. Ó ń bẹ̀rù fún un. Nínú fíìmù dúdú, à ń wo ọkùnrin tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá. Níhìn-ín, obìnrin tí ikú wà lára rẹ̀ ni à ń bá káàánú, nítorí pé bí ọjọ́ tí a dá bá pé tí ọkùnrin kankan kò bá a lò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kú. Ìdẹkùn náà ní ẹnu méjì: bí ó bá rí ọkùnrin, ọkùnrin kú, bí kò bá rí i, òun kú. Kò sí fíìmù dúdú kankan nínú èyí tí a yẹ̀ wò lókè tí ó fi ipò obìnrin hàn kedere tó báyìí.

6. Ibi tí Fíìmù náà Kù Sí

Ṣùgbọ́n ìyìn kò gbọdọ̀ di ojú lámèyítọ́. Ibi méjì ni Thunderbolt: Mágùn ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìparí.

Èkíní ni pé fíìmù náà fi àìlẹ́ṣẹ̀ Ngozi ṣe owó tí ó fi ra àánú wa. A bínú sí Yínká nítorí pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí Ngozi bá ti yan àlè ní tòótọ́, ṣé ó tọ́ kí ọkọ fi ikú sí i lára? Fíìmù náà kò béèrè. Ó fi àyè sílẹ̀ fún òǹwòran láti kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àṣìṣe Yínká kò ju pé ó fi mágùn sí ẹni tí kò yẹ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni pé ó sọ ara ẹlòmíràn di pàkúté láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Gilda ti 1946 ṣubú sínú kòtò kan náà: ìgbà tí ọlọ́pàá jẹ́rìí pé Gilda mọ́ ni Johnny tó lè nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, Phyllis tí kò mọ́ sàn jù wọ́n lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá-ìtàn, nítorí pé kò tọrọ ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni pé ìdajì kejì fíìmù náà bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin. Dókítà ìṣègùn òyìnbó kan tó ń ṣiyèméjì nípa mágùn gbà láti bá Ngozi lò pọ̀. Ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ, ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó gbà á. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn láàárín ìṣègùn òyìnbó àti ti ìbílẹ̀, èwo ni ó mọ̀ jù. Àríyànjiyàn tó níyì ni, ọ̀pọ̀ òǹwòran ni ó sì fi fẹ́ràn fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ara Ngozi ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní tí àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Obìnrin tí kámẹ́rà ti fún lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ pàdánù ẹnu rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

A lè sọ pé ìwọ̀nba ni ohun tí fíìmù kan lè ṣe, àti pé láàárín ọ̀pọ̀ fídíò tí ó fi obìnrin ṣe àjẹ́ tàbí panṣágà ní ìgbà náà, ohun tí Kèlání ṣe kì í ṣe kékeré. Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí pé ó ṣe púpọ̀ gan-an ni ó fi yẹ kí a béèrè ìyókù. Ìbéèrè náà kò sì tíì tán nílẹ̀. Nínú Ànìkúlápó tí Kúnlé Afọláyan darí ní 2022, Arólákẹ́ ni ó gba àdó agbára lọ́wọ́ ẹyẹ àkàlà, Sàró ni ó gba ògo. Nígbà tí Sàró fẹ́ fi agbára náà gba ọmọ ọba ṣe ìyàwó, Arólákẹ́ rí sí i pé agbára náà já a kulẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ Sàró nìkan yóò pe Arólákẹ́ ní ọ̀dàlẹ̀.

7. Nínú Kíláàsì

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ni pé ìtàn kì í dúró sínú ìtàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá jáde lọ fi iṣẹ́ dánra wò ní Ìkirè, ní Àpòmù tàbí ní àwọn abúlé bí Ararọ̀mí-Òwu yóò bá ọmọ tí ó ti wo fíìmù púpọ̀ ju ìwé tí ó ti kà lọ. Ìkirè àti Àpòmù wà láàárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn Mọremí láti apá kan, yóò sì gbọ́ ti Efúnṣetán láti apá kejì. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọ pé rere ni ti èkíní, búburú ni ti èkejì, tí kò sì béèrè ẹni tó sọ ìtàn méjèèjì, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ ọ.

Ewu rẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọbìnrin. Bí ọkùnrin bá fi ìpá ṣe ohun tí kò dára, ìbéèrè tí ó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn kan ni pé kí ni ọmọbìnrin náà wọ̀, kí ni ó wá dé ibẹ̀. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ Phyllis ni wọ́n ń wò. Kíláàsì lítíréṣọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí a ti lè kọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin láti gbé ojú kúrò lára ẹ̀gbà náà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dá lábàá fún olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èkíní, ẹnu ta ni ìtàn yìí ti jáde, ta ni kò sì sọ̀rọ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìtàn ọdẹ sọ láti ẹnu obìnrin ẹfọ̀n, tàbí ìtàn Mọremí láti ẹnu ọba Ugbò. Èkejì, kí ni ọkùnrin náà ti ní lọ́kàn kí obìnrin tó dé? Kí wọ́n wá ibi tí ìtàn ti sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, bí obìnrin náà bá jẹ̀bi ní tòótọ́, ṣé ìyà tí ó jẹ bá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mu? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó nira jù, òun ni a kò sì gbọdọ̀ fò.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé obìnrin aṣekúpani nínú fíìmù dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ẹlẹ́jọ́ tí kò sí ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ni asọ̀tàn, ọkùnrin ni ojú kámẹ́rà, òfin sì ti pàṣẹ ìyà rẹ̀ ṣáájú. Ìtàn Yorùbá ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ní èrò kan tí fíìmù dúdú kò ní, ìyẹn mágùn, tí kì í jẹ́ kí a wo òkú ọkùnrin láìbéèrè ẹni tó fi ikú sí ọ̀nà rẹ̀. Kèlání àti Fálétí rí èyí, wọ́n sì fi ṣe fíìmù tó yí ìbẹ̀rù padà di àánú. Wọ́n kù díẹ̀ káàtó ní ti pé obìnrin aláìlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láti gbèjà, àti pé ẹnu ọkùnrin ni ó parí ọ̀rọ̀.

Fíìmù tí yóò gbèjà ẹ̀tọ́ obìnrin tó jẹ̀bi, tí yóò sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tó dé, olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀. Kò gbà ju pé kí ó dá fíìmù dúró ní àárín, kí ó yíjú sí àwọn ọmọ, kí ó sì bi wọ́n pé: ta ló fi í sí i lára?